Láti Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú Galeão dé Àárín Ìlú Rio de Janeiro

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èdè ibi tí ó dé, ta ni yóò bi, báwo ni yóò sì ti ṣe bi í? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí n kọ àpilẹ̀kọ kékeré yìí fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Nínú àwa tí a ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá, a kò lè ṣàìrí ẹni tí yóò fẹ́ dé ilẹ̀ Bràsíìlì lọ́jọ́ kan, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí a ń kà nípa àwọn ènìyàn wa tí òwò ẹrú gbé lọ sí ọ̀hún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa ka ìwé nípa Bahia títí, a sì máa mọ orúkọ àwọn ilé òrìṣà ibẹ̀ lórí. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá wá já a sí Rio de Janeiro, kò ní mọ bí a ti í kúrò ní pápá dé inú ìlú. Takisí àkọ́kọ́ tí ó bá pè é ni yóò wọ̀, yóò gba etí òkun Copacabana lọ tààrà, kò sì ní mọ̀ pé òun ti fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún èbúté tí wọ́n ti sọ àwọn ará Áfíríkà kalẹ̀ ní àìmọye.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni a ó jọ tọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Èkíní ni ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà. Èkejì ni ọ̀nà tí àwọn tiwa gbà dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Ó sì ṣẹlẹ̀ pé omi kan náà ni àwọn ọ̀nà méjèèjì là kọjá.

ERÉKÙṢÙ GÓMÌNÀ

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé orí erékùṣù ni pápá ọkọ̀ òfuurufú Galeão wà. Ìlú Rio fẹ̀gbẹ́ ti omi ńlá kan tí òkun fi ya wọ inú ilẹ̀. Guanabara ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Potogí kọ́kọ́ fojú kàn án ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1502, wọ́n rò pé ẹnu odò ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pè é ní Rio de Janeiro, èyí ni Odò Oṣù Kìn-ín-ní. Àṣìṣe ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára.

Erékùṣù pọ̀ nínú omi yìí. Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú wọn ni Ilha do Governador, Erékùṣù Gómìnà. Gómìnà tí wọ́n ń wí ni Salvador Correia de Sá, ẹni tí ó ní oko ìrèké àti ilé ìfún-ìrèké níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí òun náà di gómìnà, tí orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Salvador Correia de Sá e Benevides, ni ó kan ọkọ̀ ojú omi ńlá onígbòkun kan ní etí erékùṣù náà. Padre Eterno ni ó sọ ọkọ̀ náà, wọ́n parí rẹ̀ ní 1663, wọ́n sì ní kò sí ọkọ̀ tí ó tóbi tó o ní gbogbo ayé nígbà náà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Potogí ń pè ní galeão. Orúkọ ọkọ̀ wá di orúkọ ibi tí a ti kàn án, orúkọ ibẹ̀ sì di orúkọ pápá ọkọ̀ òfuurufú. Bí a bá ń pe Galeão lónìí, ọkọ̀ ojú omi ni a ń dárúkọ láìmọ̀.

Kí a tó fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí sílẹ̀, ó yẹ kí n fi kún un pé òun kan náà ni ó kó ọmọ ogun láti Rio, tí ó la òkun kọjá lọ gba Luanda ní ilẹ̀ Àǹgólà lọ́wọ́ àwọn ará Họ́láńdì ní 1648. Kí ni ó wá Luanda lọ? Ẹrú ni. Láti Luanda ni àwọn olóko ìrèké ti ń rí ẹrú kó, bí Luanda sì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, oko fẹ́ dá páropáro. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé láti orí orúkọ ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ balẹ̀ sí ni ìtàn tí ó wá kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

NÍ TI PÁPÁ NÁÀ FÚNRA RẸ̀

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Àwọn ológun ojú omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi Galeão gbé ọkọ̀ òfuurufú wọn sí, kí ó tó di ti àwọn èrò. Ilé ìgbérò ńlá àkọ́kọ́ tí a mọ̀ lóde òní ni wọ́n ṣí ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, wọ́n sì ṣí èkejì ní 1999. Ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní kì í ṣe ọjọ́ lásán ní Rio. Ọjọ́ São Sebastião ni, ẹni mímọ́ tí wọ́n fi ìlú náà sí abẹ́ ààbò rẹ̀. Ní Rio, São Sebastião yìí ni àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ń fi Ọ̀ṣọ́ọ̀sì pamọ́ sí lára. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣí pápá Galeão, n kò ní bá a jiyàn.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ òfuurufú ń sáré lé lórí níbẹ̀ gùn tó 4,000 mítà. Èyí wúlò nígbà tí Concorde, ọkọ̀ òfuurufú àwọn Faransé tí ó ń yára ju ohùn lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ná ibẹ̀ láti Paris ní 1976, tí ó ń dúró ní Dakar lójú ọ̀nà. Ní 1999 ni wọ́n fi orúkọ Antonio Carlos Jobim kún orúkọ pápá náà. Olórin ni Jobim, ọmọ bíbí Rio. Ní 1962 ni ó ṣe orin kan nípa ayọ̀ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ balẹ̀ sí Galeão.

Ẹ ṣọ́ra o: pápá ọkọ̀ òfuurufú méjì ni ó wà ní Rio. Santos Dumont ni orúkọ èkejì, àárín ìlú gan-an ni ó wà, létí omi, lórí ilẹ̀ tí wọ́n bù dí omi. Ọkọ̀ tí ń ná àwọn ìlú inú Bràsíìlì ni ó ń lò ó, nítorí pé ọ̀nà ìsáré rẹ̀ kúrú. Ẹni tí ó bá ti Rio fẹ́ lọ sí Salvador ní Bahia gbọ́dọ̀ wo ìwé ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa kí ó tó jáde nílé: bí wọ́n bá kọ GIG síbẹ̀, Galeão ni, bí wọ́n bá kọ SDU, Santos Dumont ni. Àárín àwọn méjèèjì jìnnà tó nǹkan bíi 20 kìlómítà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Rio kò sì mọ̀ pé ọkọ̀ rẹ fẹ́ gbéra.

BÍ A TI Ń LA OMI KỌJÁ

Ẹni tí ó bá ti Èkó lọ ni yóò tètè mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí, àfi pé yóò dà bí ẹni pé wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ní Èkó, orí ilẹ̀ ni pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà wà, erékùṣù ni Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní Rio, erékùṣù ni pápá wà, orí ilẹ̀ ni ìgboro. Síbẹ̀ ìṣòro kan náà ni: gbogbo èrò gbọ́dọ̀ gba orí afárá, bí afárá bá sì dí, kò sí ẹni tí yóò lọ, kò sí ẹni tí yóò bọ̀.

Títí di 1949, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni àwọn ará erékùṣù náà fi ń wọ ìgboro. Ní ọdún náà ni wọ́n ṣí afárá Galeão. Láàárín 1949 sí 1952 ni wọ́n bu ilẹ̀ dí omi tí ó wà láàárín àwọn erékùṣù kéékèèké bíi mẹ́jọ, tí wọ́n fi sọ wọ́n di erékùṣù kan ṣoṣo, Ilha do Fundão. Kí ni wọ́n fẹ́ fi erékùṣù tuntun yìí ṣe? Yunifásítì ni! Ibẹ̀ ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Rio de Janeiro wà títí di òní yìí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ti pápá ọkọ̀ bọ̀ kò lè ṣe kí ó má gba ọgbà yunifásítì tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Afárá kan tí wọ́n ṣí ní 2012 láti ibẹ̀ sí ojú títì ni wọ́n tilẹ̀ sọ ní Ponte do Saber, Afárá Ìmọ̀. Orúkọ yìí dùn mọ́ mi nínú.

Títì márosẹ̀ tí ó gba ibẹ̀ wọ ìgboro ni Linha Vermelha, Ìlà Pupa. Ní 1992 ni wọ́n ṣí abala rẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè gbogbo ayé ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ àyíká ní Rio, tí ìjọba kò sì fẹ́ kí wọ́n há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Abala kejì tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó kọjú sí òdìkejì ìgboro, ó lọ títí dé São João de Meriti. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé ilé òrìṣà ni ó wá wò, kí ó fi èyí sọ́kàn, nítorí apá ibẹ̀ ni ẹ̀ka Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá ti Rio wà, ní àdúgbò tí ń jẹ́ Coelho da Rocha. Láti pápá ọkọ̀, ìyẹn kò gba inú ìgboro rárá.

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Fundão, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ ó rí ògiri pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tò gùn lọ bí ẹ̀yìn ìlú. Maré ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Maré ní èdè Potogí ni kíkún àti fífà omi òkun. Àwọn tálákà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ibẹ̀ dó kọ́ ilé pákó wọn sórí òpó igi nínú omi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i ní Makókó, títí ìjọba fi wá bu ilẹ̀ dí omi náà ní nǹkan bí ogójì ọdún ó lé sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ lónìí ju 100,000 lọ. Ní 2010 ni wọ́n ri ògiri náà mọ́lẹ̀. Ìjọba ní nítorí ariwo ọkọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ará Maré ní nítorí kí àlejò má baà rí àwọn ni. N kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dá a, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ariwo ti wà láti 1992, ògiri kò sì dé títí wọ́n fi fún Rio ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti 2016. Àwọn ará Maré fúnra wọn dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 2006, wọ́n sì kọ́ irú ilé orí òpó àtijọ́ náà kan síbẹ̀ kí àwọn ọmọ wọn lè mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ìbọn a máa dún ní àdúgbò náà nígbà mìíràn láàárín ọlọ́pàá àti àwọn oníwà jàgídíjàgan, wọn a sì ti títì pa fún ìgbà díẹ̀. Bí awakọ̀ bá ní òun kò gba Linha Vermelha lónìí, ẹ má ṣe bá a jà.

EWO NI KÍ A WỌ̀?

Takisí ni ó rọrùn jù, òun ni ó sì wọ́n jù. Àwọ̀ ọ̀wọ́n òdòdó ọlọ́ńkọ̀ bùlúù ni takisí Rio. Ẹ̀rọ tí ń ka owó wà nínú rẹ̀; bandeira 1 ni iye owó ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, bandeira 2 ni ti òru, ti ọjọ́ Ìsinmi àti ti ọjọ́ ọlidé, èyí sì wọ́n ju ti ìṣáájú lọ. Kí a wo iye tí ó wà lójú ẹ̀rọ kí ọkọ̀ tó ṣí. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní tábìlì nínú gbọ̀ngàn, tí a ó san iye kan pàtó fún kí a tó jáde. Owó wọn ga, ṣùgbọ́n kò sí àríyànjiyàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá bá yín nínú gbọ̀ngàn, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó fẹ́ bá yín gbé ẹrù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì di ẹrù yín mú. Ní ti takisí yìí, ohun kan yóò jọ yín lójú: kò ṣòro láti rí àwòrán São Jorge lórí ẹṣin nínú ọkọ̀ wọn. São Jorge ni Ògún ní Rio, ọjọ́ 23 oṣù kẹrin sì ni ọdún rẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ náà ni ó ń sinmi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ Ìbàdàn àti awakọ̀ Rio kò mọ ara wọn, ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń sìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó púpọ̀, bọ́ọ̀sì ni tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti wà ní Rio láti 1979, ṣùgbọ́n kò dé erékùṣù yìí. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì gígùn tí ó ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láàárín títì, BRT ni àwọn náà ń pè é bí àwọn ará Èkó ti ń pè é. A kì í fi owó lé awakọ̀ lọ́wọ́. Káàdì ni a ó rà, tí a ó kó owó sí, tí a ó sì fi kan ẹ̀rọ. Jaé ni orúkọ káàdì tí wọ́n ń lò láti 2025.

Ọ̀nà BRT kan wà tí ó ti wà láti 2014, TransCarioca. Kò wọ àárín ìlú. Inú àwọn àdúgbò ìhà àríwá ni ó ń kọjá títí dé Barra da Tijuca ní ìwọ̀ oòrùn, 39 kìlómítà ni gígùn rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ dé àárín ìlú lè sọ̀ kalẹ̀ ní Vicente de Carvalho, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń bá akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá sọ̀rọ̀, n ó ní kí ó mú ọjọ́ kan lọ́tọ̀ fún ọ̀nà yìí, kí ó bọ́ọ́lẹ̀ ní Madureira. Ọjà ńlá kan wà níbẹ̀, Mercadão, tí wọ́n ti ń ta ohun èlò òrìṣà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀: ìlẹ̀kẹ̀ oríṣiríṣi àwọ̀, ewé, agogo, àwo ìkòkò, owó ẹyọ. Láti ọjà yìí náà ni ọ̀wọ́ èrò ti máa ń gbé Yemọja lọ sí etí òkun Copacabana ní ìparí oṣù kejìlá. Wákàtí kan nínú ọjà náà yóò kọ́ni ju ìwé mẹ́ta lọ.

Ọ̀nà kejì ni ó dára jù lójú mi fún ẹni tí ó fẹ́ wọ àárín ìlú. Ní 2024 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá kan tí ń jẹ́ Gentileza, nítòsí gáréèjì àwọn bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí ìlú òkèèrè. BRT ń ti pápá ọkọ̀ òfuurufú wá síbẹ̀. Ní Gentileza, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó wọ VLT, ọkọ̀ ojú irin pẹlẹbẹ tí ń rìn lójú títì ìgboro wọ́ọ́rọ́wọ́ láti 2016. VLT yìí gba agbègbè èbúté àtijọ́, ó gba Praça Mauá, ó gba Avenida Rio Branco, ó sì parí sí Santos Dumont. Òun ni yóò gbé wa kọjá ní ibi tí mo fẹ́ kí a dé.

Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Ó ṣì wà. Láti èbúté Cocotá ní erékùṣù Governador ni ó ti ń lọ sí Praça XV láàárín ìlú. Cocotá jìnnà sí pápá ọkọ̀, a ó ní láti wá ọkọ̀ dé ibẹ̀, kò sì yá rárá. Nítorí náà kì í ṣe ti ẹni tí ó gbé àpótí méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè pa dà lọ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn yóò rí Rio bí àwọn tí wọ́n gba orí omi wá ti rí i: òkè lókè, omi nísàlẹ̀. Yóò sì gúnlẹ̀ sí iwájú ààfin tí wọ́n ti fi ọwọ́ sí òfin òmìnira àwọn ẹrú ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888.

GBÓLÓHÙN DÍẸ̀ FÚN ẸNU

Àwa tí a gbọ́ Yorùbá ní àǹfààní kan tí Òyìnbó kò ní nínú kíka èdè Potogí. Ibi tí àwa ti ń kọ ṣ, x ni àwọn fi ń kọ ọ́ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa: Xangô ni Ṣàngó, Oxóssi ni Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, axé ni àṣẹ. Ibi tí àwa ti ń fi n hàn pé a fi imú pe fáwẹ̀lì, m ni àwọn sábà máa ń fi síbẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀: Ogum, Oxum. Àmì orí ã náà, imú ni ó ń tọ́ka sí. Nítorí náà ìparí Galeão, inú imú ni a ti ń pè é. Ní ti r, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bíi h ni wọ́n ń pè é: ará ibẹ̀ kì í pe ìlú rẹ̀ ní Ríò, Híù ni yóò wí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, kí ẹ má rò pé ìlú mìíràn ni ọkọ̀ ń lọ.

Saída ni ọ̀nà àbájáde. Desembarque ni ibi tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń gbà jáde. Ônibus ni bọ́ọ̀sì, ponto ni ibùdókọ̀, troco ni ṣéńjì. Onde fica? ni 'Níbo ni ó wà?' Quanto é? ni 'Èló ni?' Bí ẹ bá ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, ẹ pe ọkùnrin ní senhor, kí ẹ pe obìnrin ní senhora, kí ẹ má ṣe pè wọ́n ní você. Ó sún mọ́ bí a ti ń ya 'ẹ' sọ́tọ̀ fún àgbà, 'o' fún ẹgbẹ́ ẹni. Ọmọ Yorùbá kò sì yẹ kí ó kùnà níbẹ̀.

VALONGO

Bí a bá ti wọ VLT ní Gentileza, kò pẹ́ tí a ó fi dé ibùdó tí ó súnmọ́ Valongo. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ìrìn ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù. Ẹ ó rí kòtò kan tí ó fẹ̀, tí ó jìn ju ojú títì lọ, òkúta tí wọ́n tẹ́ ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan a máa wò ó wọn a ní ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?

Láyé àtijọ́, inú ìgboro, nítòsí Praça XV, ni wọ́n ti ń sọ ẹrú kalẹ̀ tí wọ́n sì ń tà wọ́n. Ojú wá ń ti àwọn ọlọ́lá láti máa rí ènìyàn ìhòòhò lẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹ̀rù àrùn sì ń bà wọ́n, ni ìjọba bá kó ọjà náà lọ sí Valongo, lẹ́yìn ìlú, kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí. (Ẹ rántí ògiri Maré.) Ní 1811 ni wọ́n fi òkúta tẹ́ èbúté náà. Àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n gba ibẹ̀ wọlé tó 900,000 gẹ́gẹ́ bí Àjọ UNESCO ti wí. Ní 1843, ọmọ ọba obìnrin kan ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè láti wá fẹ́ ọba Pedro Kejì, ni wọ́n bá bu ilẹ̀ bo èbúté ẹrú, wọ́n tẹ́ òmíràn tí ó lẹ́wà lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bu ilẹ̀ bo ìyẹn pẹ̀lú. Ní 2011, nígbà tí wọ́n ń tún agbègbè èbúté ṣe, ni àwọn onímọ̀ tí ń wú ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ kan òkúta náà, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ àti owó ẹyọ láàárín wọn. Ní 2017 ni UNESCO kà á mọ́ ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé. Nítòsí rẹ̀ ni ibi ìsìnkú àwọn tí wọ́n kú kí wọ́n tó rí ẹni rà wọ́n wà. Ìdílé kan tí ń tún ilé rẹ̀ ṣe ní 1996 ni ó ṣèèṣì kan egungun wọn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn kan nínú wa ń pe Valongo ní èbúté àwọn Yorùbá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó gba ibẹ̀ wọlé, ará Kóńgò àti Àǹgólà ni wọ́n, àwọn kan sì ti Mòsáḿbíìkì wá. Àwọn tiwa, Bahia ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Bí a bá gba òkú ẹlòmíràn sọ di tiwa, a ti ṣe ohun tí àwọn tí ó bu ilẹ̀ bò wọ́n ṣe.

Báwo wá ni àwọn Yorùbá ṣe dé Rio? Láti Bahia ni púpọ̀ nínú wọn ti gba orí omi wá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835 ni àwọn Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó, èyí tí í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, dìtẹ̀ ní Salvador. Lẹ́yìn tí ìjọba ti ṣẹ́gun wọn, ìnira dé bá gbogbo ará Áfíríkà ní ìlú náà. Àwọn kan pa dà sí ilé, àwọn ni wọ́n wà lára àwọn Àgùdà tí a mọ̀ ní Èkó. Àwọn olówó ẹrú ta àwọn mìíràn sí Rio, àwọn òmìnira kan sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Ní Rio, Mina ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ yìí sì ti mú kí ọ̀pọ̀ olùwádìí fojú fò wọ́n dá nínú àwọn ìwé àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ ka ìwé níbẹ̀, ẹ má ṣe wá 'Nagô' nìkan. Ẹ wá 'Mina' pẹ̀lú.

Agbègbè èbúté yìí ni wọ́n fi ṣe ilé, iṣẹ́ aláàárù èbúté sì pọ̀ níbẹ̀ fún wọn. Ní òpópónà Barão de São Félix, tí kò jìnnà sí Valongo, ni ilé òrìṣà João Alabá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀: Àlàbá! Ọbalúayé ni òrìṣà orí rẹ̀, Omolu ni wọ́n ń pè é ní ọ̀hún. Nínú ilé yìí ni obìnrin ará Bahia kan, Hilária Batista de Almeida, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Tia Ciata, ti jẹ́ ìyá kékeré. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, a bí i ní 1854, ó kú ní 1924. Ilé rẹ̀ ni àwọn onílù àti olórin ti ń pàdé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sáḿbà ti gbilẹ̀.

Ẹni tí ó bá dúró lórí òkúta Valongo yóò wá omi yóò sì tì. Wọ́n ti bu ilẹ̀ dí i lọ sí iwájú, ilé àti títì ni ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Àfi kí ó rìn kọjá wọn lọ sí etí omi ní Praça Mauá, kí ó kọjú sí àríwá. Ọkọ̀ òfuurufú tí ń sọ̀ kalẹ̀ sí Galeão ni yóò rí lókè níbẹ̀. Bí ọjọ́ ìpadàbọ̀ rẹ̀ bá kò, VLT kan náà ni yóò gbé e pa dà sí Gentileza, kí ó sì fi wákàtí kan kún iye àkókò tí wọ́n bá sọ fún un, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí gbogbo ará erékùṣù ń gba orí afárá lọ sílé.